Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni igi náà ti wó: àkọsílẹ̀ ìpàgọ́ kan nígbà ìjì

Àwọn mẹ́sàn-án ló lọ pàgọ́: àgbàlagbà mẹ́fà, ọmọdé mẹ́ta, àgọ́ mẹ́ta, ọkọ̀ méjì. Kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù, ẹ̀ka igi ti dá lu ẹnì kan nínú àgọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti kán. Àrá ti sán lu igi kejì, ó gbá àwọn méjì tó sá sábẹ́ rẹ̀ lulẹ̀. Àgọ́ mìíràn ti di àkísà.

A kò dárúkọ ibì kankan, nítorí àfiṣàpẹẹrẹ ni ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. A kó àwọn àṣìṣe tó máa ń wáyé ní ibùdó ìpàgọ́ jọ sínú ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo, kí ẹni tó ń kó èèyàn lọ sínú igbó lè yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n bí igi ṣe ń wó, bí àrá ṣe ń ṣọṣẹ́ àti ìṣirò tó wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe rí lóòótọ́ la kọ wọ́n.

Àwọn àgbà ní igi kì í dá lóko kó pa ará ilé. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó pàgọ́ sábẹ́ igi ló gbé ilé lọ bá igi lóko.

Ibi tí wọ́n pàgọ́ sí

Pápá koríko ni, ó gùn tó 110 mítà. Igi ńlá kan wà ní ìhà igbó, gíga rẹ̀ jẹ́ 22 mítà. Igi kejì dá dúró gedegbe ní òdìkejì pápá, 80 mítà sí ti àkọ́kọ́, òun sì ga tó 26 mítà. Ojú ọ̀nà ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n páàkì ọkọ̀ méjèèjì sí, níbi tí igi kankan kò ti ṣíji bo wọ́n. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, páàkì ọkọ̀ yẹn ló dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Wọ́n dé ní 4:20 ìrọ̀lẹ́. Òòrùn mú, òòrùn ló sì yan ibùdó fún wọn: abẹ́ igi àkọ́kọ́ ni òjìji wà. Àgọ́ kìíní jìnnà sí ìdí igi ní mítà 3. Èkejì wà lábẹ́ ẹ̀ka ńlá kan tó nà gbọọrọ síta. Ẹ̀kẹta jìnnà díẹ̀, ó tó mítà 9. Wọ́n ta tapólì sábẹ́ igi kejì, wọ́n sì so okùn rẹ̀ mọ́ ìtì igi náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná.

Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Nígbà tí wọ́n ń kan èèkàn àgọ́ mọ́lẹ̀, wọn kò lo òòlù; àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi tì í, ó sì wọlé. Inú wọn dùn pé iṣẹ́ yá. Ilẹ̀ tí èèkàn 20 sẹ̀ǹtímítà ń wọ̀ bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ ẹ̀kọ náà ni gbòǹgbò igi fi ń di ara rẹ̀ mú.

Ohun tí igi náà ti ń sọ

Ká ní ẹnì kan yí igi àkọ́kọ́ ká fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ohun mẹ́rin ni ì bá rí.

Ẹ̀ka gbígbẹ méjì wà lókè tí kò ní ewé kankan, èèpo wọn sì ti ń ṣí. Èyí ló rọrùn jù láti rí, òun náà sì ni àwọn èèyàn máa ń wò tán tí wọ́n á lọ jókòó.

Olú líle bí pákó, tó yọ síta bí etí, wà ní ìdí igi, ní ìhà tó kọjú sí igbó. Bí irú olú bẹ́ẹ̀ bá fi lè yọ síta, ara rẹ̀ ti ń jẹ igi nínú fún ìgbà pípẹ́. Òde igi lè dán, kí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, kí inú ìdí rẹ̀ sì ti rọ bí búrẹ́dì tó rẹ sómi. Ewé ń gba omi láti apá òde ìtì. Agbára tí igi fi ń dúró wà lọ́wọ́ gbogbo ìtì àti gbòǹgbò. Nítorí náà, ewé tutù kò jẹ́rìí sí i pé igi le.

Ní mítà 1.5 sí ìdí igi, ilà kan wà lórí ilẹ̀ tí koríko rẹ̀ yàtọ̀ sí ti yòókù. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò tóóró níbẹ̀ rí, bóyá láti ri páìpù. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti gé gbòǹgbò ìhà yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí igi ṣe ga sókè ni gbòǹgbò rẹ̀ ṣe jìn sísàlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ jù lọ igi: èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò wà láàárín 60 sẹ̀ǹtímítà òkè ilẹ̀, wọ́n tẹ́ bí àwo, wọ́n sì máa ń nà kọjá ibi tí ẹ̀ka dé. Kòtò tí kò jìn ju orúnkún lọ tó láti gé ìdajì ìdákọ̀ró igi.

Ẹ̀kẹrin ló burú jù, òun sì ni ojú kì í kà sí. Ní mítà 3 sókè, ìtì igi náà pín sí méjì ọgbọọgba, pàlàkà rẹ̀ sì há. Bí pàlàkà bá ṣí bí apá tí èèyàn nà, igi apá méjèèjì á wọnú ara wọn, á le. Bí ó bá há bí ìka méjì tó lẹ̀ mọ́ra, èèpo ni yóò há sáàárín. Bí ọdún ṣe ń lọ, tí ìtì méjèèjì ń sanra, wọ́n á máa ti ara wọn, èèpo àárín kò sì ní jẹ́ kí wọ́n so pọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ irú pàlàkà bẹ́ẹ̀: bí ó bá wú síta bí ètè lápá méjèèjì, ó ti ń là nínú nìyẹn.

Láti 7:40 sí 8:15

Ní 7:40 alẹ́, mànàmáná kọ ní ìwọ̀ oòrùn. Kò sí ohùn.

Ní 7:48, wọ́n gbọ́ àrá. Ẹnì kan kà láti ìgbà tí mànàmáná kọ títí àrá fi dún: ìṣẹ́jú àáyá 27. Ohùn ń rìn ní nǹkan bí 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà mẹ́ta mẹ́ta ni à ń pín in, kìlómítà 9 ló sì bọ́ sí. Kíkà náà tọ̀nà. Ìpinnu tó tẹ̀ lé e ni kò tọ̀nà: wọ́n ní ó ṣì jìnnà. Ìjì tó ń rìn ní kìlómítà 50 ní wákàtí yóò gba kìlómítà 9 kọjá láàárín ìṣẹ́jú 11. Yàtọ̀ sí èyí, àrá lè na ọwọ́ jìnnà sí òjò tó bí i, kìlómítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sí ibi tí ojú ọ̀run ti mọ́. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní bí kíkà kò bá tó 30, kí olúkúlùkù ti wà nínú ilé tàbí ọkọ̀. Tí ẹ kò bá tiẹ̀ fẹ́ kà, ẹ mú un bẹ́ẹ̀: àrá tí etí bá ti gbọ́ ti súnmọ́ tó láti pani.

Ní 7:50, ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà kó àwọn ọmọdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sínú ọkọ̀, ó sì dúró tì wọ́n. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojo ni.

Ní 7:55, ooru dáwọ́ dúró lójijì, atẹ́gùn tútù sì fẹ́ láti ìhà ibi tí òjò ti ń bọ̀. Àwọn tó kù ní ó dára, ooru ti lọ. Atẹ́gùn yìí ni afẹ́fẹ́ tútù tó ń já bọ́ láti inú ìkùukùu, tó kanlẹ̀, tó sì ń sáré níwájú òjò. Ẹ̀fúùfù tó le jù nínú ìjì máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, kí òjò tó dé. Ẹni tó bá ń retí òjò kó tó kúrò lábẹ́ igi, ó ti pẹ́.

Ní 8:01, ẹ̀ka tó wà lórí àgọ́ kejì dá. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ kó ibùsùn. Ẹ̀ka náà nípọn tó 20 sẹ̀ǹtímítà, ó gùn tó mítà 4, láti mítà 12 ló sì ti já. Igi tútù tó tóbi tó báyìí lè wúwo ju 110 kìlógíráàmù lọ. Ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ ló fi dé ilẹ̀, eré rẹ̀ sì tó kìlómítà 55 ní wákàtí nígbà tó fi kan aṣọ àgọ́. Láàárín àkókò yẹn, ẹni tó gbọ́ ọ tó dá kò tíì lè dìde lórí ìkúnlẹ̀. Aṣọ àgọ́ àti ọ̀pá rẹ̀ kò dín agbára rẹ̀ kù rárá. Egungun ojúgun kán.

Àwọn méjì sáré lọ sí òdìkejì pápá, wọ́n wọ abẹ́ tapólì lábẹ́ igi gíga tó dá wà. Àwọn méjì tó ṣẹ́ kù dúró láti fa ẹ̀ka kúrò. Wọ́n fà á, wọ́n sì gbé ẹni tó ṣèṣe kúrò lábẹ́ igi kí wọ́n tó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Wọ́n ṣe é dáadáa. Lóòótọ́, a kì í gbé ẹni tó ṣèṣe kiri. Àmọ́ níbi tí ohun mìíràn ti lè já lulẹ̀ nígbàkigbà, ibẹ̀ la kọ́kọ́ ń gbé e kúrò.

Ní 8:06, àrá sán lu igi gíga náà. Àwọn méjèèjì ṣubú. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ìkejì kò mí.

Ní 8:15, pàlàkà igi àkọ́kọ́ là. Ìdajì igi wó lulẹ̀ lórí àgọ́ kìíní. Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀ mọ́.

Kí ló dé tí ẹ̀fúùfù yẹn fi tó láti wó igi?

Agbára tí ẹ̀fúùfù fi ń ti nǹkan kì í pọ̀ sí i bí eré rẹ̀ ṣe pọ̀ sí i lásán. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti kìlómítà 35 sí 70 ní wákàtí, igi kan náà, pẹ̀lú ewé kan náà, yóò gba ìlọ́po mẹ́rin ohun tó ń gbà tẹ́lẹ̀, orí igi ló sì ń gba púpọ̀ jù nínú rẹ̀, níbi tí ó ti lè tẹ ìdí bí ọ̀pá gígùn ṣe ń yí òkúta. Lórí òṣùwọ̀n Beaufort tí àwọn atukọ̀ òkun ń lò, ipele 8, ìyẹn kìlómítà 62 sí 74, ti ń ṣẹ́ ẹ̀ka wẹ́wẹ́. Ní ipele 10, láti kìlómítà 89, igi odindi ń hú. Iye wọ̀nyí kò ka àìlera igi kan tàbí ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀ sí. Igi tó ní olú nídìí, tí wọ́n ti gé gbòǹgbò rẹ̀, tó dúró nínú ẹrẹ̀, kò ní dúró de ipele 10.

Kí ẹnikẹ́ni má sì gbára lé ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ nìkan. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ 2022, ìjì kọlu erékùṣù Corsica ti ilẹ̀ Faransé láàárọ̀. Wọ́n wọn ẹ̀fúùfù tó tó kìlómítà 224 ní wákàtí ní Marignana. Àwọn èèyàn kú, ó sì wà nínú wọn àwọn tí igi wó lù ní ibùdó ìpàgọ́. Lẹ́yìn tí ìjì náà ti bẹ̀rẹ̀ ni ìkìlọ̀ tó ga ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Àwọn tó wà nínú àgọ́ láàárọ̀ yẹn kò ní àǹfààní mìíràn ju ibi tí wọ́n ti yàn láti sùn sí.

Àrá àti igi tó dá wà

Àwọn méjì tó wà lábẹ́ tapólì kò fọwọ́ kan igi. Àrá kò sì bà wọ́n tààrà. Báwo ló ṣe mú wọn?

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni pé ara èèyàn ń gba iná mànàmáná kọjá ju igi lọ. Bí iná bá ń sọ̀kalẹ̀ lára ìtì, ó lè fò kúrò lára rẹ̀ sára ẹni tó wà nítòsí. Ọ̀nà kejì ló ń ṣọṣẹ́ jù láyé: nígbà tí iná bá dé ìdí igi, ó máa ń tàn ká lórí ilẹ̀. Bí ẹsẹ̀ kan bá súnmọ́ igi ju ìkejì lọ, iye fóòtì, ìyẹn agbára tó ń ti iná, tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì kò ní dọ́gba, iná á sì gba ẹsẹ̀ kan gòkè, á gba ìkejì sọ̀kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí agbo màlúù fi lè kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lábẹ́ igi kan: ẹsẹ̀ iwájú wọn jìnnà sí ti ẹ̀yìn, ọkàn sì wà láàárín. Okùn tapólì tó tutù, tó so mọ́ ìtì, tún fún iná lọ́nà mìíràn.

Igi fúnra rẹ̀ lè fọ́. Iná náà máa ń sọ omi inú igi di oru omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan náà, èèpo á sì bẹ́ kúrò, á fò bí àpólà.

Ẹni tí àrá bà kò ní iná kankan lára mọ́. Ẹ lè fọwọ́ kàn án lójú ẹsẹ̀. Àwọn méjì tó fa ẹ̀ka mọ èyí. Wọ́n kọjá lọ́dọ̀ ẹni tó ń ké pé ẹsẹ̀ òun ti kú, wọ́n lọ bá ẹni tó dákẹ́. Ní ìjàǹbá mìíràn tí àwọn tó ṣèṣe ti pọ̀ ju àwọn olùrànlọ́wọ́ lọ, ẹni tó ń mí la kọ́kọ́ ń tọ́jú. Nínú ti àrá, ẹni tó dà bí òkú ni, torí ọkàn rẹ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí mímí ṣì dúró, yóò sì kú bí ẹnikẹ́ni kò bá mí fún un. Wọ́n kọ́kọ́ wọ́ ọ kúrò lábẹ́ igi. Wọ́n tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé ní 5 sí 6 sẹ̀ǹtímítà, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan: títẹ̀ 30, mímí sí ẹnu 2, wọ́n sì ń pààrọ̀ ara wọn. Ó mí lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ohun tí ìṣẹ́jú 15 ì bá ti ṣe ní 4:20

Ẹ kọ́kọ́ wọn gíga igi. Wá ọ̀pá tó gùn tó apá rẹ, láti ojú dé ìkúùkù. Na apá síwájú, gbé ọ̀pá náà dúró ṣánṣán lórí ìkúùkù, kí o sì máa fi ẹ̀yìn rìn títí ìdí ọ̀pá yóò fi ṣe déédéé pẹ̀lú ìdí igi, tí orí rẹ̀ á sì ṣe déédéé pẹ̀lú orí igi. Ibi tí o dúró sí jìnnà sí igi bí igi náà ṣe ga. Fi ìdajì rẹ̀ kún un, nítorí igi tó ń wó máa ń ju ẹ̀ka síwájú, ó sì lè gbá igi mìíràn.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: níbí, òkèèrè ní iye. Mítà 33 ni ti igi àkọ́kọ́, mítà 39 ni ti ìkejì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 72. Mítà 80 ló wà láàárín wọn. Mítà 8 ṣẹ́ kù, àgọ́ mẹ́ta gba ibẹ̀. Òòrùn ì bá pa wọ́n títí di aago mẹ́fà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí igi kọ̀ọ̀kan ká, kì í ṣe èyí tó súnmọ́ nìkan. Ẹ fi òòlù gbá ìtì níbi mẹ́rin. Bí ó bá dún bí ìlù, inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ wo ilẹ̀ ìdí igi: bí ó bá ti sán, tàbí tó wú sókè ní ìhà kan, gbòǹgbò ti ń tú. Igi tó tẹ̀ láti kékeré máa ń tún orí rẹ̀ gbé sókè. Èyí tó tẹ̀ gbọọrọ láti ìdí dé orí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ ni. Ẹ ṣọ́ra fún etí igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé: igi tó dàgbà láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọ́ bí a ṣe ń dá kojú ẹ̀fúùfù.

Ìṣòro kan ṣì wà tí wíwọn kò lè yanjú. Àárín pápá ń gba àgọ́ lọ́wọ́ igi, kò gbà á lọ́wọ́ àrá. Àgọ́ kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àrá níbikíbi tó bá wà, lílóṣòó sórí ìka ẹsẹ̀ kò sì sọ ibi tí kò láàbò di ibi ààbò. Nítorí náà, ibi méjì la máa ń yàn: ibi tí a ó sùn, àti ibi tí a ó sá lọ. Níbí, ọkọ̀ ni. Ara irin ọkọ̀ ló ń darí iná gba òde kọjá, táyà rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ ti fèrèsé, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lára irin. Ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ tàbí ike kò sí nínú èyí. Ẹ wọn ìrìn láti àgọ́ dé ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọdé tó kéré jù, kí ẹ sì mọ̀ bóyá ìṣẹ́jú méjì ni tàbí mẹ́jọ.

Ẹ má jáde kí ìṣẹ́jú 30 tó pé lẹ́yìn àrá tó dún kẹ́yìn. Bí àrá bá tún dún ní ìṣẹ́jú 25, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà náà lọ́tun.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì

Wọn kò padà lọ kó ẹrù lóru, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ẹ̀ka tó dá tó fi kọ́ sókè lè já nígbà tí atẹ́gùn kò fẹ́ rárá. Igi tó hú, tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì gbé ilẹ̀ sókè bí ògiri, tún léwu: bí ẹnì kan bá gé ìtì rẹ̀, ìdí náà lè padà sínú ihò rẹ̀ lójijì, pẹ̀lú ẹnikẹ́ni tó dúró síbẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ojú ibi tí pàlàkà ti là hàn kedere. Ó fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà. Gbogbo rẹ̀ dúdú, èèpo àtijọ́ àti ìdọ̀tí òjò ọ̀pọ̀ ọdún ló kún ibẹ̀. Igi funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ya, èyí tó di ìdajì igi yẹn mú nígbà tí wọ́n ń kan èèkàn àgọ́ sábẹ́ rẹ̀, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ.